Ìtọ́jú Olùṣèwádìí Ìbílẹ̀ Lórí Ìwà Ipá Ajẹmọ́-takọtabo ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti Gúúsù Èkìtì

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó dá lórí ìwà ipá ajẹmọ́-takọtabo ni ó máa ń ṣàlàyé bí ó ti yẹ kí a dáàbò bo ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Díẹ̀ ni ó máa ń bèèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó lọ bèèrè ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ yìí gbé olùṣèwádìí ìbílẹ̀ yẹ̀ wò, ìyẹn ẹni tí ó ń ṣe ìwádìí láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀, ní èdè abínibí rẹ̀, ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti gúúsù Èkìtì lápapọ̀. Ó fi hàn pé ọ̀nà mẹ́ta ni ẹrù iṣẹ́ yìí ń gbà wọ olùṣèwádìí lọ́rùn: èdè, ìbátan àti ibùgbé. Ó sì dá a lábàá pé kí ìtọ́jú olùṣèwádìí wà nínú ètò ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ ohun tí a ń rántí nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìdí tí a fi ń rọni láti sọ̀rọ̀ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń rí nínú òwe yìí. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ mìíràn tún wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó ń gbé inú ilé ni kì í rí oorun sùn. Àlejò tí ó yà kí onílé lè padà sí ilé tirẹ̀, kí ó sì sùn. Bí ọ̀rọ̀ ti rí gan-an nìyẹn láàrin olùṣèwádìí tí ó ti òkèèrè wá àti èyí tí ó jẹ́ ọmọ ìlú.

Ìwà ipá ajẹmọ́-takọtabo ni ìyà, ìlòkulò tàbí ìfiniṣẹ̀sín tí a ń fi jẹ ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin. Lára rẹ̀ ni kí ọkọ máa na aya, ìfipábánilòpọ̀, fífi ọmọdébìnrin fọ́kọ, abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin, àti fífi ogún du opó. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin àti ọmọdébìnrin ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Ìwádìí nípa iye ènìyàn àti ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 49 ni ẹnì kan ti lù tàbí ṣe léṣe láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ pé wọ́n ti fi ipá bá àwọn lò rí.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó tètè fi òfin kojú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2011, nígbà ìṣèjọba Ọ̀mọ̀wé Káyọ̀dé Fáyẹmí, ni wọ́n ṣe òfin tí ó ka ìwà ipá ajẹmọ́-takọtabo léèwọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, ọdún mẹ́rin ṣáájú òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015. Ní 2019, wọ́n tún òfin náà ṣe. Bí òfin bá wà, a nílò ẹ̀rí láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí yóò kó ẹ̀rí náà jọ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí.

Ta ni Olùṣèwádìí Ìbílẹ̀?

Nígbà tí ìjábọ̀ ìwádìí bá jáde, orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó máa ń wà níwájú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ṣiṣẹ́ kí ìjábọ̀ náà tó délẹ̀. Èkíní ni ẹni tí ó gbé ìwé ìbéèrè láti ilé dé ilé. Èkejì ni ẹni tí ó mú un wọ ìlú, tí ó mọ olórí ẹbí, tí ó sì mọ ìyálọ́jà. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ó ń ṣe àdàkọ ohùn tí wọ́n gbà sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tí ó ń túmọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀ka-èdè Èkìtì sí Yorùbá àjùmọ̀lò tàbí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀karùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni tí ó mú ọ̀rọ̀ ìwà ipá abẹ́lé gẹ́gẹ́ bí àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀.

Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni olùṣèwádìí ìbílẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni sì ni ó ń kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìkẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀: Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ètò Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni ó di Yunifásítì Ètò Ẹ̀kọ́, Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Bámidélé Olúmilúà ní 2020. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn dókítà àti agbẹjọ́rò nìkan, nítorí pé láti inú kíláàsì èdè Yorùbá ni adàkọ àti ògbufọ̀ ti ń jáde.

Ọ̀nà Mẹ́ta tí Ẹrù Ń Gbà Wọlé

(i) Èdè

Ẹni tí a bí sínú èdè kò ní ìlẹ̀kùn tí ó lè tì mọ́ ọ̀rọ̀. Obìnrin kan lè sọ pé, 'Ọkọ mi máa ń bá mi wí.' Àlejò yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ ń tọ́ aya sọ́nà. Ọmọ ìlú yóò gbọ́ ohùn tí ó fi sọ ọ́, yóò sì mọ̀ pé igi ni ó fi ń bá a wí. Òmíràn lè ní, 'Ó ba ayé mi jẹ́,' kí ó sì dákẹ́. Olùṣèwádìí tí ó gbọ́ èdè náà mọ ohun tí ó fi ọ̀rọ̀ náà bò, nítorí pé ilé àti oko tí òun náà ti kọ́ èdè ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àdàkọ ni ó tún wúwo jù. Ohùn wákàtí kan lè gba wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó di àkọsílẹ̀. Adàkọ yóò dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn léraléra kí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹkún gbé mì. Yóò fi àmì ohùn sí orí rẹ̀, yóò sì tún un kà. Ọ̀rọ̀ tí abénà-ìmọ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan ni adàkọ gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Òun nìkan ni ó sábà máa ń wà nínú yàrá nígbà náà, kò sì rí abénà-ìmọ̀ náà kí ó lè mọ̀ pé ó ti nu ojú nù, ó sì ti bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

(ii) Ìbátan

Ìlú tí ó fara kínra ni Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ọ̀rún àti Emùré. Wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń ná ọjà ara wọn, wọ́n sì jọ ń lọ sí ìsìn àti òkú ara wọn. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí olùṣèwádìí débi tí abénà-ìmọ̀ ti ń dárúkọ ẹni tí ó ṣe é níṣekúṣe, kí orúkọ náà sì jẹ́ ti àbúrò bàbá rẹ̀, ti olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, tàbí ti àgbà ìjọ tí ó ń lọ. Ìlànà ìwádìí sọ pé kò gbọdọ̀ tú àṣírí. Àṣà sọ pé kí ó kúnlẹ̀ kí ẹni náà nígbà tí wọ́n bá tún pàdé. Yóò kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò ní rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ìtàn abénà-ìmọ̀ sì lè jẹ́ ìtàn olùṣèwádìí gan-an. Bí a bá fi iye tí ìwádìí 2018 mú wá wo ẹgbẹ́ olùṣèwádìí tí ó ní obìnrin mẹ́wàá, kò yẹ kí ó yani lẹ́nu bí mẹ́ta nínú wọn bá ti fojú winá irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Ìbéèrè tí ẹni náà ń kà síta fún ẹlòmíràn ni ó ń dáhùn nínú ara rẹ̀.

(iii) Ibùgbé

Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọkọ tí ó gbọ́ pé ẹnì kan ń bi ìyàwó òun léèrè ọ̀rọ̀ ilé lè rò pé ọlọ́pàá tàbí ìjọba ni ó rán ẹni náà. Olùṣèwádìí tí ó ti Ìbàdàn tàbí Èkó wá yóò wọkọ̀ lọ. Ọmọ ìlú yóò bá a pàdé lọ́jà. Bí ìbínú bá wà, òun àti àwọn òbí rẹ̀ ni yóò gbà á. Bí àwọn abénà-ìmọ̀ bá sì ń retí ìrànlọ́wọ́ tí ẹgbẹ́ ìwádìí kò lè ṣe, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọn yóò wá sí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nígbà tí owó iṣẹ́ ti tán.

Àmì àti Àbájáde

Ní 1990, McCann àti Pearlman ṣàlàyé bí ọgbẹ́ ọkàn ẹni tí a ń tọ́jú ṣe ń ran olùtọ́jú, débi pé ojú tí olùtọ́jú fi ń wo ayé yóò yí padà. Ní 1995, Figley pe ohun tí ó jọ èyí ní àárẹ̀ àánú: ẹni tí ó ń ṣàánú kò ní okun láti ṣàánú mọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ọkàn ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n olùṣèwádìí náà ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Iṣẹ́ yìí yóò pè é ní àkóràn ọgbẹ́ ọkàn.

Àwọn àmì rẹ̀ kò fara sin fún ẹni tí ó bá wò dáadáa. Oorun a máa dá, orí a máa fọ́, àlá burúkú a máa dé. Ìyá kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù láti rán ọmọbìnrin rẹ̀ níṣẹ́. Ẹlòmíràn kò ní lè fọkàn tán ọkùnrin kankan. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan lára mọ́. Yóò máa ka ìbéèrè bí ẹni ka àkọsílẹ̀ ọjà. Olùṣèwádìí ọkùnrin a máa kó o pẹ̀lú, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìtìjú pé àwọn ọkùnrin bíi tòun ni ó ṣe ohun tí òun ń gbọ́.

Àkóràn yìí kò dúró lórí olùṣèwádìí nìkan. Ẹni tí ó ti rẹ̀ yóò fo ìbéèrè tí ó le. Yóò tètè gba 'rárá' gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, kò sì ní dúró de ìdákẹ́jẹ́ tí òtítọ́ ń gbà jáde. Nígbà náà, iye tí yóò wà nínú ìjábọ̀ yóò kéré sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ìjọba yóò sì rò pé ọ̀rọ̀ ti rọlẹ̀. Ìtọ́jú olùṣèwádìí kì í ṣe ojú àánú lásán, nítorí pé lára rẹ̀ ni òtítọ́ ìwádìí wà.

Ohun tí Ayé Ti Mọ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde ní 2001 fún ìwádìí lórí ìwà ipá abẹ́lé. Ìlànà náà sọ pé ààbò àwọn tí a ń bi léèrè àti ti ẹgbẹ́ olùṣèwádìí ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Ó tún sọ pé kí a fara balẹ̀ yan àwọn olùṣèwádìí, kí a kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ pàtàkì, kí a sì máa ràn wọ́n lọ́wọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ìlànà yìí ni wọ́n tẹ̀ lé nínú ìwádìí ńlá tí àjọ náà gbé jáde ní 2005, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wá obìnrin tí ó lé ní 24,000 lẹ́nu wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá, tí Namibia, Tanzania àti Etiópíà wà lára wọn. Wọn kò pe ìwádìí náà ní ti ìwà ipá ní gbangba. Ìwádìí nípa ìlera àti ìrírí àwọn obìnrin ni wọ́n pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá já wọlé, olùbéèrè yóò yí sí ìbéèrè mìíràn nípa ìlera. Ọgbọ́n yìí dáàbò bo abénà-ìmọ̀, ó sì dáàbò bo olùbéèrè.

Rebecca Campbell, nínú ìwé rẹ̀ ti 2002 lórí ìwádìí nípa ìfipábánilòpọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí lára olùṣèwádìí kì í ṣe àbùkù tí a ní láti fi pa mọ́. Ó jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ìwádìí fi ń ní òye. Ní 2015, ẹgbẹ́ SVRI tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Gúúsù Áfíríkà gbé ìlànà jáde lórí bí a ṣe lè dènà àkóràn ọgbẹ́ ọkàn láàrin àwọn olùṣèwádìí ìwà ipá.

Ní Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ bí Olufunmilayo Fawole àti Ademola Ajuwon ti Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe ìwádìí lórí ìwà ipá sí àwọn ọmọbìnrin tí ń kiri ọjà ní gáréèjì ọkọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù orílẹ̀-èdè yìí. Ìlànà ìwà tí ó tọ́ nínú ìwádìí ìlera wà ní Nàìjíríà láti 2007, òfin ìlera ọpọlọ tuntun sì ti wà láti oṣù kìn-ín-ní 2023. Síbẹ̀, ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ètò ìwádìí wò sábà máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ni pé, 'Báwo ni o ṣe máa dáàbò bo abénà-ìmọ̀ rẹ?' Ó yẹ kí wọ́n fi èkejì kún un: 'Ta ni yóò dáàbò bo ìwọ?'

Ètò Ìtọ́jú tí ó Bá Agbègbè Mu

Ọ̀pọ̀ ìlànà òkè wọ̀nyí ni ó wà fún ẹgbẹ́ tí ó ní owó lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn àbá tí ó tẹ̀ lé e yìí jẹ́ èyí tí ẹ̀ka ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe láìná owó púpọ̀.

Àkọ́kọ́ ni pàṣípààrọ̀ ìlú. Kí ọmọ Emùré lọ ṣe ìwádìí ní Ìkẹ́rẹ́, kí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìsẹ̀, kí ọmọ Ìsẹ̀ lọ sí Emùré. Ẹ̀ka-èdè wọn súnmọ́ra tó kí ọ̀rọ̀ má sọnù, ilé wọn sì jìnnà síra díẹ̀ tó kí orúkọ tí wọn yóò gbọ́ má fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ẹbí. Nítorí pé àna lè wà níbikíbi, kí olùṣèwádìí ní ẹ̀tọ́ láti fi ilé kan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láìṣàlàyé ìdí.

Èkejì ni ìrìn méjì-méjì. Wọ́n ní àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Kí olùṣèwádìí má dá lọ, kí alábòójútó mọ ibi tí wọ́n wà, kí wọ́n sì fi fóònù jẹ́ kí ó mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ti padà délé. Kí ilẹ̀ má ṣú bá wọn lójú ọ̀nà. Owó ọkọ̀ ẹni kejì àti owó ìpè kò pọ̀ ju ohun tí a lè kọ sínú ètò ìnáwó.

Ẹ̀kẹta ni òṣùwọ̀n iṣẹ́. Kí a má sanwó lórí iye ìwé ìbéèrè tí ènìyàn kún, nítorí pé èyí a máa lé e láti sáré. Kí a sanwó lórí ọjọ́ iṣẹ́. Kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò má pọ̀ lójúmọ́, kí ọjọ́ ìsinmi sì wà láàrin. Bákan náà ni kí adàkọ má lo odidi ọjọ́ lórí ohùn ìyà nìkan. Kí a máa fún un ní iṣẹ́ mìíràn láàrin, kí a sì ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ olùṣèwádìí.

Ẹ̀kẹrin ni ìjókòó ìsọ̀rọ̀. Kí ẹgbẹ́ máa jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú olùdámọ̀ràn tí kì í ṣe ẹni tí yóò fún wọn ní máàkì. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní àwọn olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà àti ìdámọ̀ràn. Iṣẹ́ wọn nìyí. Ìlànà tí ó yẹ kó darí ìjókòó náà kò gùn: olùṣèwádìí lè sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lára rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Bí a kò bá fi ààlà yìí hàn án, yóò gbé gbogbo rẹ̀ mì, tàbí kí ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́.

Ẹ̀karùn-ún ni ìwé ìtọ́sọ́nà. Kí olùṣèwádìí tó jáde, kí ó ti mọ ibi tí yóò darí abénà-ìmọ̀ sí: ilé ìwòsàn, agbófinró, àti Moremi Clinic ní Adó-Èkìtì fún àwọn tí a fipá bá lò. Kí ẹgbẹ́ sì ti pinnu tẹ́lẹ̀ ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọdé kan wà nínú ewu, kí ìpinnu náà má bọ́ lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́ ní àgbàlá olóhun. Ẹni tí ó ní ibi tí yóò darí ènìyàn sí kò ní rò pé òun nìkan ni òun gbọ́dọ̀ gbà á là.

Ipa Ẹ̀ka Yorùbá

Iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀ka Yorùbá nìkan lè ṣe. Kí ẹ̀ka náà kó àwọn ọ̀rọ̀ àbòsọ tí àwọn ará Èkìtì ń lò fún ìyà àti ìfipábánilòpọ̀ jọ, kí wọ́n sì túmọ̀ wọn. Bí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ bá wà, olùbéèrè yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró àti ìgbà tí ó yẹ kí ó yí ọ̀rọ̀ padà. Adàkọ kò sì ní máa dá ìtumọ̀ wá nínú òkùnkùn. Kí wọ́n tún pèsè ọ̀rọ̀ tí olùṣèwádìí lè fi sọ ìrora tirẹ̀. Ẹni tí kò ní ju 'ó rẹ̀ mí' lọ láti sọ, oògùn ibà ni wọn yóò máa rà fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni yóò rí èrè rẹ̀ kọjá ìwádìí. Nígbà tí ó bá di olùkọ́, ọmọ ilé ìwé kan yóò wá bá a ní ọjọ́ kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó wúwo. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ bí a ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìwó lulẹ̀ ni kò ní lé ọmọ náà padà.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ohun tí ó mú olùṣèwádìí ìbílẹ̀ wúlò, ìyẹn èdè rẹ̀, ìbátan rẹ̀ àti ibùgbé rẹ̀, náà ni ó ń ṣí i sílẹ̀ fún ewu. A kò lè gba èrè àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a sì fi ìkejì sílẹ̀ fún un láti dá gbé. Olójú kì í lajú sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ yí wọ̀ ọ́. Kí àwọn olùkọ́ tí ń fọwọ́ sí àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara wọn: kí wọ́n má fọwọ́ sí ìwádìí kankan lórí ìwà ipá ajẹmọ́-takọtabo bí ètò ìtọ́jú ẹni tí yóò ṣe é kò bá sí nínú rẹ̀.